Òun Ló Kọ Ọkọ, Kí Ló Tún Ń Sunkún Sí? Àlàyé Lórí Ọpọlọ àti Ìkọ̀sílẹ̀

Ó ti pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn ti ń gbé ẹjọ́ tọkọtaya jáde láti kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, n'Ìbàdàn. Ìyàwó á ka ẹ̀sùn sí ọkọ lẹ́sẹ̀: ó ń lù mí, kì í fún mi lówó oúnjẹ, ó ń halẹ̀ mọ́ mi. Adájọ́ á tú wọn ká. Ohun tó máa ń rú àwọn ará ilé lójú ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Obìnrin tó bẹ adájọ́ pé kó gba òun ni kò rí oorun sùn mọ́, tó ń rù, tó ń wo fọ́tò ọkọ rẹ̀ àtijọ́ lórí fóònù lóru. Ọkùnrin tó ń lérí pé "kó máa lọ" náà kò mọ ibi tí òun gbé kọ́kọ́rọ́ sí mọ́, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ sì ti ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ará àdúgbò ti ní àlàyé tiwọn. Àwọn kan á ní wọ́n ti sa sí i. Àwọn kan á ní ẹ̀dì ni. Àwọn tí kò gba oògùn gbọ́ á ní kò mọ ohun tó ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀, òun ló kọ ọkọ, kí ló tún ń sunkún sí? Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí oògùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ọpọlọ lè ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tí másùnmáwo bá dé bá a, láìsí ọwọ́ adáhunṣe kankan níbẹ̀, ìwádìí sì ti wà lórí rẹ̀.

Kí là ń pè ní másùnmáwo?

Másùnmáwo ni ohun tó máa ń bá ara àti ọpọlọ nígbà tí ohun tó dojú kọ ẹni bá ju agbára ẹni lọ, tàbí tó bá jọ lójú ẹni pé ó jù ú lọ. Ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ìbínú náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ara ló gbára dì fún ìjà, tí kò sì rí ẹni bá jà.

Ní 1967, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to ohun 43 tó máa ń yí ayé ẹni padà jọ, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tán èèyàn lókun tó. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100. Ìkọ̀sílẹ̀ ló tẹ̀ lé e, 73. Kí tọkọtaya máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gba 65, ẹ̀wọ̀n gba 63. Ẹ ò rí i pé ìkọ̀sílẹ̀ wà lókè ẹ̀wọ̀n. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ gba 50, èyí tí kò ní ya ẹni tó bá ti ṣètò aṣọ ẹbí rí lẹ́nu.

Ta ló ń fọn fèrè nínú orí?

Nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní amygdala. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọlọ́dẹ àdúgbò: kó máa ṣọ́, kó sì fọn fèrè tó bá gbúròó ewu. Ọlọ́dẹ kì í dúró wádìí bóyá olè ló ń bọ̀ tàbí ọmọ àdúgbò tó pẹ́ níta. Fèrè ni yóò kọ́kọ́ fọn.

Tí fèrè bá dún, apá ọpọlọ mìíràn tó ń jẹ́ hypothalamus á gbà á, á sì ránṣẹ́ lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní yá gan-an. Iṣan ló ń gbé e lọ sórí kíndìnrín, níbi tí ẹ̀yà ara kékeré méjì jókòó lé, àwọn yẹn á sì tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹnu á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á ru. Ọ̀nà kejì gba sùúrù díẹ̀, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni cortisol á jáde láti ibì kan náà lórí kíndìnrín. Họ́mọ́ònù ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ohun tí ara ń pò fúnra rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri láti fi jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn. Cortisol ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí èèyàn lè rí agbára sá tàbí agbára jà. Nígbà tí ìyẹn ń lọ, ara á ní kí àwọn iṣẹ́ tí kò kánjú dúró ná: oúnjẹ dídà, oorun, ìfẹ́ ìbálòpọ̀.

Ètò tó dára ni, bó bá jẹ́ pé ejò ló yọ lọ́nà oko. Ejò á lọ, tàbí kí wọ́n pa á, ọpọlọ á ní kí cortisol dínkù, ara á sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ìkọ̀sílẹ̀ kì í lọ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ẹni tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù kò lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kí ìgbéyàwó náà tó pé ọdún 2, àfi tí adájọ́ bá yọ̀ǹda. Ilé ẹjọ́ gíga ló ń tú u ká. Bó tilẹ̀ tú u, àṣẹ tó kọ́kọ́ pa kì í ṣe òpin. Oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kí ó tó di pé wọn kì í ṣe tọkọtaya mọ́. Ti kóòtù ìbílẹ̀ yá ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ owó orí wà nílẹ̀, ta ni yóò mú àwọn ọmọ wà nílẹ̀, owó ilé ìwé wà nílẹ̀. Adìyẹ bà lókùn. Ní gbogbo àkókò yìí, tí lọ́yà bá pè, fèrè á dún. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, fèrè á dún. Tí ọmọ bá béèrè pé dádì òun dà, fèrè á dún. Ohun tí Elédùà ṣe fún wákàtí díẹ̀ ni ara wá ń lò fún oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọdún.

Kí ló dé tí orí kì í fi pé mọ́?

Hippocampus ni apá ọpọlọ tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti fi ọ̀rọ̀ tuntun pamọ́, kó sì rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ní 1968, Bruce McEwen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára eku pé apá yìí gan-an ni irú họ́mọ́ònù bíi cortisol máa ń lọ lẹ̀ mọ́. Ìwádìí lára ẹranko fi hàn lẹ́yìn náà pé tí másùnmáwo bá pẹ́, ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ máa ń kúrú, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń hù padà tí másùnmáwo bá lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gba ìkọ̀sílẹ̀ kọjá fi lè gbé ọbẹ̀ kaná kó gbàgbé rẹ̀, kó ka lẹ́tà lọ́yà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ kò yí.

Ti iwájú orí tún burú jù ú lọ. Lẹ́yìn egungun iwájú orí wa ni apá ọpọlọ tó ń wọn ọ̀rọ̀ wò wà, tó ń sọ pé "dúró ná, máà fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́." Amy Arnsten, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní yunifásítì Yale, ti fi hàn pé tí másùnmáwo tí èèyàn kò lè kápá bá dé, àwọn kẹ́míkà tó ń kún apá yìí máa ń jẹ́ kó rẹ̀, agbára á sì bọ́ sọ́wọ́ amygdala. Nípa bẹ́ẹ̀, nígbà tí èèyàn nílò làákàyè jù lọ láyé rẹ̀, tó fẹ́ pín ilé, pín ilẹ̀, pín ọmọ, ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ wò kò sí lórí ìjókòó. Àtẹ̀jíṣẹ́ aago méjì òru tí lọ́yà ẹnìkejì yóò tẹ̀ jáde fi ṣe ẹ̀rí ní kóòtù, ibẹ̀ ló ti wá. Ìwé ilẹ̀ tí èèyàn kàn buwọ́ lù nítorí pé "ó ti sú mi" náà, ibẹ̀ ló ti wá. Tí mo bá ní ẹ̀gbọ́n kan tó wà nínú ọ̀ràn yìí, màá bẹ̀ ẹ́ pé kò gbọdọ̀ buwọ́ lùwé kankan lálẹ́, àti pé kí ẹlòmíràn tí orí rẹ̀ tutù kọ́kọ́ kà á.

Ṣé ọgbẹ́ ọkàn máa ń dun ara lóòótọ́?

Ní 2011, Ethan Kross àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 40 jọ tí olólùfẹ́ wọn já wọn sílẹ̀ láìpẹ́ sígbà náà. Wọ́n gbé wọn sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní kí wọ́n máa wo fọ́tò ẹni tó lọ náà. Nígbà mìíràn wọ́n á fi ohun gbígbóná kan apá wọn. Àwọn apá ọpọlọ tó ń jíṣẹ́ ìrora ara tàn nígbà méjèèjì.

Àwọn èèyàn gbé ìròyìn yìí kiri bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ní 2014, àwọn onímọ̀ mìíràn wò ó fínnífínní, wọ́n sì rí i pé apá kan náà lè tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà ń tàn fún ìjákulẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà tó gbà ń tàn fún iná. Èyí tí a lè sọ ni pé ọpọlọ kò fi ìyapa ṣeré. Kò tíì tó kí ẹnikẹ́ni wí pé ọgbẹ́ ọkàn àti ọgbẹ́ ara jẹ́ nǹkan kan náà.

Ní ti ọkàn tó ń lù láyà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní àfiwé. Àwọn dókítà ní Japan ṣàpèjúwe àrùn kan ní 1990 tí wọ́n ń pè ní takotsubo: ìdààmú òjijì á kọlu ọkàn, apá kan rẹ̀ á wú, kò ní lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ti yẹ, àyà á máa dun èèyàn. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ń gbádùn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú. Ẹni tí àyà bá ń dùn nínú wàhálà ìkọ̀sílẹ̀ kó gba ọsibítù lọ. Kó má ṣe jókòó sílé kí wọ́n máa sọ fún un pé ìrònú ni.

Kí ló dé tí ẹni tó sá jáde fi tún ń fẹ́ padà?

Ìbéèrè yìí gan-an ló jẹ́ kí n kọ àlàyé yìí, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa ń ṣe àwọn èèyàn léṣe jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ẹnìkejì ń ṣe fún ọpọlọ nígbà tí ilé ṣì wà. Ní 2006, James Coan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé obìnrin 16 tó ní ọkọ sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì sọ fún wọn pé iná díẹ̀ lè gbé wọn lẹ́sẹ̀ nígbàkigbà. Nígbà kan, obìnrin náà á dá wà. Nígbà mìíràn, ọkùnrin tí kò mọ̀ rí á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà mìíràn, ọkọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọwọ́ wà nínú ọwọ́, àwọn apá ọpọlọ tó ń gbára dì fún ewu rọlẹ̀, ti ọkọ sì mú wọn rọlẹ̀ ju ti àjèjì lọ. Bí ilé ṣe dùn sí ni ìrọ̀rùn náà ṣe pọ̀ sí. Ohun tí èyí fi yé wa ni pé ọdún tí èèyàn fi gbé pọ̀ kì í lọ lásán. Ọlọ́dẹ méjì ti pín òru ṣọ́ láàrin ara wọn. Tí ọ̀kan bá lọ, èyí tó kù ló kù láti ṣọ́ gbogbo òru, ẹni tó lọ náà ìbáà jẹ́ èèyàn tó ṣòro bá gbé.

Eku pápá kan wà ní Amẹ́ríkà tó máa ń mú aya kan ṣoṣo, ohun tí kò wọ́pọ̀ láàrin ẹranko. Ní 2009, Oliver Bosch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwọn akọ kúrò lọ́dọ̀ abo wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ya àwọn mìíràn kúrò lọ́dọ̀ akọ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Àwọn tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ìyá wọn kò ní ìṣòro kan. Àwọn tí wọ́n gba abo lọ́wọ́ wọn wá di ẹni tí kì í jà fún ara rẹ̀ mọ́: tí wọ́n bá jù wọ́n sínú omi, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, wọ́n kàn ń léfòó ni. Họ́mọ́ònù másùnmáwo pọ̀ lára wọn. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní oògùn tó dí ọ̀nà ìránṣẹ́ tí mo ṣàlàyé lókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà padà.

Ó wá ku ti ìfẹ́ padà fúnra rẹ̀. Helen Fisher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọpọlọ èèyàn 15, obìnrin 10 àti ọkùnrin 5, tí olólùfẹ́ wọn ti já sílẹ̀ tí wọ́n sì ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀; ìwádìí náà jáde ní 2010. Àwọn ọ̀dọ́ ni, wọn kì í ṣe tọkọtaya tí ọmọ wà láàrin wọn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n wo fọ́tò ẹni náà, ibi tí dopamine ti ń jáde nínú ọpọlọ tàn, pẹ̀lú àwọn ibi tó máa ń tàn lára ẹni tí kokéènì ti di bárakú fún nígbà tí òùngbẹ rẹ̀ bá ń gbẹ ẹ́. Dopamine ni ó ń mú èèyàn lépa ohun tó ti máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kì í bi í pé ṣé ohun náà dára fún un.

Èyí ló yẹ kí gbogbo ìyá, ẹ̀gbọ́n àti pásítọ̀ mọ̀. Ibi tí òùngbẹ ti ń wá kọ́ ni ibi tí ìdájọ́ ti ń wá nínú ọpọlọ. Obìnrin lè mọ̀ dájú pé ilé yẹn yóò pa òun, kí ara rẹ̀ sì máa bèèrè ọkùnrin náà lóru. Bí ara rẹ̀ ṣe ń bèèrè kì í ṣe ẹ̀rí pé àṣìṣe ló ṣe nígbà tó jáde. Kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n sa sí i. Kì í sì í ṣe ìdí tí ẹ fi máa dì í lẹ́rù padà lọ sílé ẹni tó ń lù ú.

Ojú tó ń ti èèyàn ńkọ́?

Ní 2004, Sally Dickerson àti Margaret Kemeny kó ìwádìí 208 jọ láti mọ irú ìdààmú tó ń gbé cortisol sókè jù. Iṣẹ́ tó le lásán kọ́. Ohun tí èèyàn kò lè kápá ni, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń wò ó tí wọ́n ń dá a lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé ni cortisol máa ń ga jù, tó sì máa ń pẹ́ jù kó tó wálẹ̀.

Ẹ wá ro kóòtù tó kún fọ́fọ́, tí ọkọ ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá fún adájọ́ létí àjèjì, tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, tí oníròyìn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ro obìnrin tó padà sílé bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dálémoṣú lẹ́yìn rẹ̀, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bi í pé ìgbà wo ló máa lọ. Ọkùnrin náà kì í bọ́ nínú rẹ̀: "kò lè kápá ilé ara rẹ̀" ni wọ́n máa ń sọ. A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Orí kíndìnrín ni ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ń bá lọ.

Ìgbà wo ló máa ń rọlẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bọ́ nínú rẹ̀. Lára àwọn 15 tí mo mẹ́nu bà, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ láti ìgbà ìyapa ni apá ọpọlọ tó jẹ mọ́ ìsopọ̀ ọkàn ń tutù. Kò sí iye oṣù tí ẹnikẹ́ni lè dá fún yín, nítorí ó dúró lórí bí ìjà ṣe pẹ́ tó, owó tó wà, àti ẹni tó yí èèyàn ká.

Oorun ni mo kà sí àkọ́kọ́ nínú ohun tó yẹ kí èèyàn ṣọ́. Ìwádìí kan láti yunifásítì Arizona ní 2014 rí i pé àwọn tí oorun wọn kò padà sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10 ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu. Ara náà máa ń rọ níwájú àrùn: ní 1987, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio rí i pé agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kò pọ̀ tó lára àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, pàápàá àwọn tí ọkàn wọn ṣì so mọ́ ọn.

Wọ́n máa ń sọ fún èèyàn pé kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Ẹ ṣọ́ra. David Sbarra, ní Arizona kan náà, rí i ní 2013 pé àwọn tó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà ṣáá, tí wọ́n ń wá ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, ìwé kíkọ yẹn tún dá wọn dúró sójú kan ni. Ó sàn kí irú wọn kàn kọ ohun tí wọ́n ṣe lóòjọ́ sílẹ̀: mo jí, mo wẹ̀, mo lọ sọ́jà.

Èèyàn ni oògùn tó ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, kí ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn, dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Ẹni tó ń gbé ní London tàbí Houston tí gbogbo ẹbí rẹ̀ wà nílé ló máa ń ní ìṣòro jù níbí, nítorí ọkọ tàbí aya tó lọ yẹn nìkan ló ní lọ́hùn-ún. Ẹ máa pè é. Kò dìgbà tí ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn yunifásítì ló ní ẹ̀ka tó ń wo ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìrònú, UCH n'Ìbàdàn wà lára wọn. Kò dìgbà tí èèyàn bá já aṣọ sílẹ̀ níta kó tó lọ. Tí kò bá lè jẹun, tí kò lè sùn, tí kò lè dìde lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti tó lọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mutí láti fi sùn, ó ti tó lọ. Bó bá sì sọ pé ayé ti sú òun, pé òun fẹ́ kú, ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì gbà pé ó ń ṣeré. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnìkan sùn tì í, kí ilẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá ti ní ọ̀nà tó fẹ́ gbé e gbà lọ́kàn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.